Akọ Eku Tí Kò Sá

"Ṣí i, jàre! Haba, Jọmí, ṣebí eku lásán ni!"

Desmond tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ló ń jágbe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá Jọmílójú ní Sabon Gari. Ó gbé agolo dání, èkúté ńlá tó mú ní àdúgbò Noman's Land sì ń họ inú rẹ̀. Sharon, ọmọ kíláàsì wọn kan náà, ti na fóònù síta láti ya fídíò ìjà tí wọ́n fẹ́ kí àwọn eku jà.

Akọ àti abo eku oko méjì ló wà nínú àgò wáyà tó wà níwájú Jọmílójú. Ọ̀gbẹ́ni Olúdáre, olùkọ́ báọ́lọ́jì wọn, ló fi wọ́n sí ìkáwọ́ rẹ̀ nítorí ìdíje sáyẹ́ǹsì. Ó ti ṣàlàyé pé bí irú eku yìí bá ti rí ẹnì kejì rẹ̀, àwọn jíìnì kan nínú ọpọlọ wọn a máa ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn a sì di kòríkòsùn. "Ẹ má fi àlejò sí i o," ó kìlọ̀. "Ìjà àjàkú ni wọn yóò jà."

Jọmílójú mọ gbogbo èyí bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n ó ti sú u kí wọ́n máa pè é ní ìyàwó pásítọ̀ ní kíláàsì torí pé kì í bá wọn rú òfin. Ó ṣí àgò.

Desmond da èkúté sínú rẹ̀. Akọ eku fò mọ́ ọn lọ́rùn. Eyín wọ ẹran, ẹ̀jẹ̀ ta sí wáyà. Èkúté gbé e ṣánlẹ̀, ó fa etí rẹ̀ ya. Ilẹ̀kùn àgò ṣí sílẹ̀ gbayawu, síbẹ̀ akọ kò sá. Ó dúró gbọn-in níwájú abo rẹ̀ títí èkúté fi gé e lọ́fun jẹ. Jọmílójú ti ọwọ́ bọ àárín wọn, èkúté sì bu àtàǹpàkò rẹ̀ jẹ débi egungun kó tó bẹ́ jáde.

"Yéè! Mọ́mì, ẹ gbà mí o!"

Kó tó gbójú sókè, Desmond àti Sharon ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ gba ọ̀nà Fagge. Ìyá rẹ̀ nìkan ló sáré jáde, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ọgbẹ́ náà.

"Ta lẹ jọ wà níbí?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni, Mọ́mì."

"Wọ́n dà?"

Jọmílójú yíjú sí àgò. Abo eku ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ òkú ọkọ rẹ̀, kò fẹnu kan ẹ̀pà tí wọ́n fi síwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Olúdáre yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje. Jọmílójú kúnlẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Sà, mo kàn fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi ni."

"Àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́," ni olùkọ́ wí. "Ìwọ jẹ tìrẹ. Eku tó kú yẹn ńkọ́, kí ló ṣe?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o: ẹni tó bá ń tì yín sínú ìjà kì í dúró bá yín nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.