Ìyá Ìyàwó Láàárín Àpò Yanrìn

Ẹ má bínú sí mi, ìdí ọkùnrin náà ni ọmọbìnrin yìí kọ́kọ́ rí. Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ lókè téńté, lórí ojú irin tí wọ́n fi igi gbé ró, ó ń fi òòlù kan igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, ṣòkòtò rẹ̀ sì ti ya lẹ́yìn. Obìnrin mìíràn á yíjú. Tiwa gbójú sókè.

“Ẹ̀yin lókè yẹn, kí ni igi yẹn ṣe yín tẹ́ ẹ fi ń lù ú?”

“Mò ń bi í bóyá ó ti ń jẹrà ni. Tó bá dáhùn kó, ara ẹ̀ le. Tó bá dáhùn bù, mo máa yọ ọ́.”

“Ẹ bá mi bi ṣòkòtò yín náà.”

Ọwọ́ ọkùnrin náà sáré lọ sẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kí òòlù já bọ́.

Káfíńtà ọgbà ìgbafẹ́ ni. Òun ló ń tọ́jú Àyà-Já, ọkọ̀ ìṣeré orí irin tó ń gun òkè jẹ́jẹ́ tó sì ń já wálẹ̀ bí òkúta. Ilé ìkàwé ìlú lọmọbìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kó wá kọ ìtàn ọgbà náà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan di oṣù méjì, nítorí ìbéèrè rẹ̀ ò lópin. Káfíńtà sọ ọ́ ní Kí-Ló-Fà-Á.

“Ṣó o mọ̀ pé orí yìnyín ni irú ọkọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀?” Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà ń sọ ohun tó kà fún Káfíńtà. “Ní ilẹ̀ olótùútù kan, wọ́n á fi igi mọ òkè, wọ́n á da omi lé e kó dì. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n á jókòó sórí pákó, ṣùúrù, ó di ìsàlẹ̀.”

“Bí yìnyín bá yọ́ ńkọ́?”

“Wọ́n á fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sí pákó náà nídìí. Níbòmíì, ọkọ̀ èédú ni. Ìbaaka ló ń fà á gòkè, ìbaaka náà á sì wọ̀ ọ́ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ìbaaka ò gbà kí wọ́n fẹsẹ̀ sọ̀ mọ́. Làwọn èèyàn bá ní kí ló dùn tó bẹ́ẹ̀, làwọn náà bá wọ̀ ọ́.”

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń wo ẹnu rẹ̀, ó ti gbàgbé ìbaaka.

Ìyá ọmọbìnrin náà, aránṣọ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ló ta kú pé ọmọ òun ò ní fẹ́ Káfíńtà. “Ọkọ̀ tó gbéra níbì kan tó tún padà síbẹ̀, ibo lẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ máa gbé ẹ dé?” Ọmọ náà sì ti búra pé òun ò ní lọ́kọ láìjẹ́ pé ìyá òun fọwọ́ sí i. Nígbà tó yá, ìyá gbà láti wá wo Káfíńtà lọ́jọ́ Sátidé kan, láago mẹ́wàá. Aago mẹ́jọ ló dé. Onígèètì ṣílẹ̀kùn fún un.

Láràárọ̀, kí èrò tó wọlé, àpò yanrìn ni Káfíńtà ń tò sórí ìjókòó, á jẹ́ kí ọkọ̀ gbé wọn yí ká lẹ́ẹ̀kan láti fi dán an wò. Òfin ni pé kó fọwọ́ kan àpò kọ̀ọ̀kan kó tó tú ọkọ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọkàn rẹ̀ wà lára ẹ̀wù tó fẹ́ wọ̀ fún ìyá ìyàwó. Ojú lásán ló fi wò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá, tí ẹsẹ̀ ń dùn, ti ré okùn tí wọ́n fi dínà ọkọ̀ kọjá, ó sì ti jókòó sẹ́yìn pátápátá láti sinmi. Aṣọ aláwọ̀ yanrìn ló wọ̀. Kì í ṣe èébú o. Tẹ́ ẹ bá wo èmi náà láti ẹ̀yìn, àpò ni mí.

Káfíńtà fa irin tó ń tú ọkọ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí Kí-Ló-Fà-Á wọlé, ohùn ìyá rẹ̀ ló gbọ́ lójú ọ̀run, tó ń pe gbogbo òkú ìdílé wọn lórúkọ.

Ọkọ̀ dúró. Gèlè ti lọ, bàtà ku ẹyọ kan. Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?” ni ìyá wí.

“Rárá, mà. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n bó ṣe yẹ. Ẹ̀bi mi ni.”

Ìyá ń tiro lọ, ó ń wá bàtà.

Onígèètì ní, “Kò sẹ́ni tó rí i. Panu mọ́.”

Káfíńtà wọ yàrá iṣẹ́ lọ, ó ṣí ìwé àyẹ̀wò, ó sì kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

“Wọ́n máa lé ẹ,” ni Kí-Ló-Fà-Á wí. “Màmá ò sì ní gbà mọ́ láé.”

“Mo mọ̀, olólùfẹ́ mi. Àmọ́ bí mo bá purọ́ síbí lónìí, ta ló máa gba ohun tí mo kọ lọ́la gbọ́? Ọmọ ọlọ́mọ ló ń jókòó níbẹ̀.”

Ẹnu ọ̀nà ni ìyá dúró sí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí padà, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá ọgbà.

“Èmi ni mo ré okùn kọjá. Mo rí i, pupa ni. Ẹ kọ tèmi náà síbẹ̀.”

Ọ̀gá rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó ní kí Káfíńtà lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó bá padà, ẹlòmíì á máa fọwọ́ kan àpò tẹ̀ lé e.

Níta, ìyá wo Káfíńtà láti orí dé ẹsẹ̀. “Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá bàbá ọmọ yìí gbé. Kò gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí pé òun jẹ̀bi, títí tó fi kú. Ọmọ mi, fẹ́ eléyìí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wá bàtà mi wá.”

Abẹ́ àwọn igi ńlá tó gbé ojú irin ró ni wọ́n wá a lọ. Ibẹ̀ ni Káfíńtà ti bi í bóyá á fẹ́ òun, ibẹ̀ ló sì ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Wọn ò rí bàtà kankan. Èmi ò sì gbà pé wọ́n wá a dáadáa.