Ilẹ̀ Tó Rọ́pò Ilẹ̀

Omi ń dún lẹ́yìn igi ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ Àkànmú tó ta ilẹ̀ náà fún wọn ti sọ ọ́ ní kedere pé kò sí odò níbẹ̀.

Sànúsí dúró sójú kan, ó dẹtí. Ìyàwó rẹ̀, Sìlífátù, sọ garawa omi tó rù wá láti Akotogbo kalẹ̀, òun náà dẹtí. Kì í ṣe ìró atẹ́gùn. Wọ́n gba ẹ̀yìn ọ̀pẹ, wọ́n sì bá odò kékeré kan tó ń ṣàn lórí iyanrìn funfun, ó mọ́ gaara. Kò tíì pẹ́ tí àwọn méjèèjì àti Àkànmú fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ yìí láti ààlà dé ààlà. Koríko gbígbẹ ni wọ́n rí níbí lọ́jọ́ náà.

"Bóyá òjò ló mú un jáde," ni Sìlífátù wí.

Òjò kò tíì rọ̀ lọ́dún náà. Sànúsí ti rí òkúta pẹlẹbẹ kan létí omi, tí àárín rẹ̀ ti jin látàrí àdá tí wọ́n ti ń pọ́n lórí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ó fi àtàńpàkò kan ojú ibẹ̀. Ó mọ òkúta náà. Orí rẹ̀ ni Mùhámádù, bàbá rẹ̀, ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n àdá, ní oko wọn ní Igbotako, ibi tó jìnnà sí ibi tó dúró sí yìí.

Oko Igbotako yẹn ni Sànúsí ti tà. Bàbá rẹ̀ dá a, bàbá bàbá rẹ̀ dá a, kò sì sí ẹni tó rántí ìgbà tó kọ́kọ́ di tiwọn. Iléeṣẹ́ kan tó fẹ́ gbin ọ̀pẹ ló rà á. Ìgbà tí owó ti tẹ Sànúsí lọ́wọ́ tán ló gbọ́ pé ìjọba máa gba owó orí lórí èrè ilẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé ogún tí wọn ò fowó rà ni ilẹ̀ náà, èrè ni gbogbo owó rẹ̀ lójú ìjọba.

Dominic, ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá àwọn ará Òkìtìpupa ṣètò owó orí, ló là á lọ́yẹ. "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá fi owó oko ra oko mìíràn, tí ẹ sì ń dá a lóòótọ́, a lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda owó orí yẹn fún yín. Ẹ máa kàn búra pé tuntun ti rọ́pò ti àtijọ́ ni."

Sànúsí ra ilẹ̀ Àkànmú. Ó dé ọ́fíìsì owó orí, ó gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì, ó ní, "Ilẹ̀ yìí ti rọ́pò ilẹ̀ bàbá mi nínú ohun gbogbo." Dominic kò ní kó sọ "nínú ohun gbogbo." Òun ló fi kún un, kó lè dá òṣìṣẹ́ tó jókòó níwájú rẹ̀ lójú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n wá bá odò náà lóko.

Inú Sìlífátù dùn sí omi yẹn. Púpúrú, òkèlè tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ rírẹ ṣe, ló ń ṣe tà, kò sì tún ní máa pọn omi rẹ ẹ̀gẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá padà débẹ̀ ni nǹkan ń kún nǹkan. Igi orógbó tí mànàmáná là sí méjì ní Igbotako dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bó ṣe là náà ló là. Òórùn èéfín ahéré àtijọ́ ń fẹ́ sí wọn nímú, kò sì sí ahéré níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sìlífátù gbé orí sókè lójú omi.

"Bàbá Tọ̀yíbà, ẹ̀yin lẹ dúró lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀kan?"

"Èmi kọ́. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni mo wà."

"Ẹnìkan kí mi kú iṣẹ́." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo sì ti dá a lóhùn."

Sànúsí gba ẹ̀yìn orógbó lọ wò. Òkìtì ilẹ̀ kan ló bá níbẹ̀, tí wọ́n to òkúta funfun yí ká. Òun fúnra rẹ̀ ló to òkúta wọ̀nyẹn yí ibojì ká ní Igbotako lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀, kí wọ́n tó bí Tọ̀yíbà ọmọ rẹ̀.

Kò sọ ohun tó rí fún Sìlífátù. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, ó sì ní kó má dé oko mọ́ títí òun á fi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló gun ọ̀kadà lọ sí Igbotako.

Iléeṣẹ́ náà ti fi irin ṣe ọgbà yí ibojì Mùhámádù ká, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣèlérí. Wọ́n jó irin náà pọ̀, wọn ò fi ilẹ̀kùn sí i. Nínú rẹ̀, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ẹni pé ọkọ́ kò kàn án rí. Kò sí òkìtì, kò sí òkúta kankan.

Philemon, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, rìn wá bá a. "Odò yín gbẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo," ó ní. "Ibojì yẹn náà, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. N ò lè sọ fún ọ̀gá wa."

Láti ibẹ̀ ni Sànúsí ti kọrí sọ́dọ̀ Dominic. Ó ní òun fẹ́ san owó orí náà.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fẹ́ fọwọ́ sí i fún yín."

"Jẹ́ ká lọ fagi lé ẹ̀bẹ̀ náà. Lónìí."

Dominic wo ojú rẹ̀, kò sì bá a jiyàn. Wọ́n dé iwájú òṣìṣẹ́ náà. Sànúsí tún gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì. "Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ilẹ̀ Àkànmú kò rọ́pò ilẹ̀ bàbá mi. Kí olúkúlùkù padà sáyè rẹ̀." Àyà rẹ̀ fúyẹ́. Ó bọ́ síta, ó pe fóònù Sìlífátù láti sọ fún un.

Tọ̀yíbà ló gbé e. "Màámi gbàgbé fóònù sílé. Wọ́n ti lọ sóko. Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ tí àwọn rẹ sódò ti tó yọ, kó má baà bàjẹ́."

Sànúsí kò mọ bó ṣe dé oko Akotogbo. Koríko gbígbẹ ló bá lẹ́yìn ọ̀pẹ. Kò sí odò, kò sí orógbó. Sálúbàtà Sìlífátù wà níbẹ̀, méjèèjì to ara wọn tì, bí ẹni tó bọ́ bàtà kó tó wọ omi.

Ó ké pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó yá, ó rí i pé ibì kan ṣoṣo ló kù.

Ní Igbotako, odò ti ń ṣàn padà. Abọ́ ẹ̀gẹ́ ìyàwó rẹ̀ léfòó, ó rọ̀ mọ́ ewéko létí omi. Philemon dúró lókèèrè, kò jẹ́ sún mọ́ ọgbà irin náà.

Sìlífátù wà nínú rẹ̀. Ó jókòó ti òkìtì ibojì, aṣọ rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ilẹ̀ òkìtì náà ti là láàárín, amọ̀ pupa fọ́n ká orí òkúta funfun.

"Ìyá Tọ̀yíbà." Sànúsí di irin mú. "Ta ló gbé ọ wọ ibẹ̀?"

"Sànúsí," ó ní. Kò pe orúkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. "Ẹni tó kí mi kú iṣẹ́ lọ́jọ́sí béèrè ẹni tó ta ilẹ̀ òun. Mo ní n ò mọ̀. Ó tún béèrè. Mo dárúkọ rẹ fún un."

"Níbo ló wà?"

"Ó béèrè ilé wa. Mo júwe rẹ̀."

Sànúsí pe fóònù tó wà nílé. Fóònù dún, ó dún, kí Tọ̀yíbà tó gbé e. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi, ẹ tètè máa bọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan wà ní pálọ̀, amọ̀ ni gbogbo ara wọn. Wọ́n ní àwọn á dúró dè yín. Wọ́n ní kí n wá jókòó ti àwọn."