Pákó Kẹta

Ṣé pákó ti dá yín lóhùn rí? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, kì í fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré, bó sì ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe kọ ọ́ yìí.

Ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ rẹ̀ ń kàn nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tó kú, obìnrin náà gba òòlù. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọkọ lọ, ọkọ̀ kù." Iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kí ọkọ rẹ̀ tó kú, ó sọ fún un pé, "Ọkọ̀ tó o bá kàn, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lórí omi, kó tó gbé ọmọ ọlọ́mọ." Obìnrin náà ní òun á ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ẹ̀rù omi ti ń bà á. Ọkọ̀ méjì ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti àkọ́kọ́, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ní ti èkejì, ó ní ìpàdé àdúrà ń dúró de òun. Ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Atukọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Kíákíá ló ni ẹ̀kẹta. Àwọn ọmọ iléèwé ló fẹ́ máa fi gbé sọdá.

Ọ̀sán gangan ni. Ṣọ́ọ̀bù pa rọ́rọ́. Òórùn ọ̀dà gba gbogbo ibẹ̀. Obìnrin náà ti fi òwú dí àlàfo àárín àwọn pákó, ó wá ń fi òòlù lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ: "Pákó tó bá dí máa ń ké; èyí tó ń jò máa ń kùn."

Ó lu èkíní. Ó ké. Ó lu èkejì. Ó ké. Ó lu ẹ̀kẹta.

Ko.

Ko, ko.

Láti inú ọkọ̀ ni ìdáhùn ti wá. Ó yọjú wò ó. Kò sí eku, kò sí aláǹgbá. Ó tún lù ú. Ko, ko. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń kanlẹ̀kùn nìyẹn, tó bá ti ibiṣẹ́ dé.

Kíákíá wọlé. "Ìyá, ẹ ò tíì ṣe tán? Àbí ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ yìí hu irùngbọ̀n ni?"

"Dákẹ́. Gbọ́."

Ó lù ú. Ìdáhùn dé. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Kíákíá.

"Ta ló wà nínú ẹ̀?"

"Wò ó fúnra rẹ."

Ó wò ó. Ó fẹ̀yìn rìn. "Ẹ tú pákó yẹn, ẹ jọ̀ọ́."

Obìnrin náà tú u. Pákó náà ò jẹrà, kò là. Síbẹ̀ ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ó dí i, ó lù ú. Ko, ko.

Ó fi òòlù sílẹ̀.

"Jẹ́ ká gbé e sómi. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀yin tí omi inú garawa ń dẹ́rù bà?"

"Èmi náà ni. Di okùn mú."

Ó gbàdúrà ṣókí. Ó wọ inú ọkọ̀. Kíákíá tì í, okùn ń tú lọ, títí ó fi jìnnà sí etí omi. Inú ọkọ̀ gbẹ. Atẹ́gùn ò fẹ́.

Nígbà náà ló gbọ́ ọ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, láti inú omi lọ́hùn-ún.

Ko, ko.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka lu pákó náà lẹ́ẹ̀kan.

"Mo ti wọ̀ ọ́, Bàbá àwọn ọmọ," ló wí. "Mo ti wọ̀ ọ́."