Wọ́n So Ọwọ́ Aránṣọ

Ní ọsibítù, wọ́n fi aṣọ funfun so ọwọ́ méjèèjì ìyá àgbà mọ́ bẹ́ẹ̀dì, kó má baà fa rọ́bà tí wọ́n tì bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ yọ. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ìyá aránṣọ tí gbogbo àdúgbò wọ aṣọ ọwọ́ rẹ̀ rí, òun ni wọ́n so mọ́lẹ̀ bí olè. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́, nítorí òun ló máa ń bá a fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, dúró tì í.

Ara rẹ̀ gan-an ni Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ ń bínú sí.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì wá sílé. Ó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ìyá lè le débi tí kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́, kó yáa sọ irú ìtọ́jú tó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́, kó sì yan ẹni tó máa bá a sọ ọ́. Ìyá ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Tó bá ti di pé ẹ̀rọ ló máa bá mi mí, ẹ gbé mi wálé. Ẹ fún mi lóògùn ìrora, kẹ́ ẹ jẹ́ n máa rí ojú yín." Ó nawọ́ sí Abẹ́rẹ́. "Èyí ló máa jíṣẹ́ mi."

Bàbá Dírẹ́bà, àkọ́bí ìyá, gbá tábìlì. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ta ló ń sọ̀rọ̀ ikú nílé mi?" Gbogbo ilé ṣe àmín, wọ́n sì lé nọ́ọ̀sì jáde. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn: àmín ni wọ́n fi ń dí ẹni tó bá dárúkọ ikú lẹ́nu, bí ẹni pé ikú tí a ò dárúkọ kì í mọ̀nà ilé.

Lọ́jọ́ tí èémí ìyá há, dókítà bi àwọn ará ilé bóyá màmá ti sọ irú ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́.

"Wọn ò sọ nǹkan kan," ni Bàbá Dírẹ́bà wí.

Abẹ́rẹ́ la ẹnu. Bàbá Dírẹ́bà wò ó báyìí, Abẹ́rẹ́ sì pa ẹnu dé. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Abẹ́rẹ́ dákẹ́, ti ìyá ló bá a dákẹ́.

Bí wọ́n ṣe gbé ìyá sórí ẹ̀rọ nìyẹn. Ní báyìí, ó tún fa ọwọ́ tí wọ́n so, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó pe dókítà.

"Dókítà, irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Màmá sọ ọ́: wọ́n ní tó bá ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ká gbé àwọn wálé. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ náà rán."

"Èmi lò ń pè ní òpùrọ́?" ni Bàbá Dírẹ́bà bi í láti ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ má bínú, sà, ṣùgbọ́n ẹ wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ."

Dókítà yíjú sí bàbá náà. "Màmá ò sọ pé kẹ́ ẹ pa àwọn. Bí wọ́n ṣe fẹ́ lo ìyókù ọjọ́ wọn ni wọ́n sọ. Ṣé wọ́n sọ ọ́?"

Bàbá Dírẹ́bà wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ títí. "Wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí."

Wọ́n tú ọwọ́ ìyá, wọ́n yọ rọ́bà ọ̀fun rẹ̀, wọ́n fún un lóògùn ìrora, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ wá gbé e lọ sílé. Ìyá di ìka Abẹ́rẹ́ mú, ó sì kú kí ọkọ̀ náà tó dé. Àpá ibi tí wọ́n so ṣì hàn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, bi àwọn àgbà ilé rẹ ní ohun tí wọ́n fẹ́ nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sì fi iṣẹ́ rán ọ, jíṣẹ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá bèèrè. Jíjẹ́ iṣẹ́ àgbà kì í ṣe àrífín. Gbígbé e mì ni àrífín.