Awò Tí Sàídì Kò Rà

Ẹni tó bá gbé ọjà wò lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rà á, mo máa ń lé e lọ ni. Sàídì gbé tiwa wò lẹ́ẹ̀meje, mi ò lé e. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura sí ara mi.

Ọdún 1997 ni. Bàbá mi, Àlàájì Màmúdù, ló ni ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọdẹ ti ń ra ẹ̀tù àti tọ́ọ̀ṣì ní Bẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi fi awò méjì ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Wàá fi ojú kan wò ó, wàá tẹ bọ́tìnnì, iná léésà tí ojú kì í rí á lọ kan ohun tí ò ń wò, awò á sì sọ iye yáàdì tó wà láàárín yín.

"Èwo ló dáa jù nínú méjèèjì?" Sàídì bi mí.

"Kékeré yìí ò kọjá irinwó yáàdì. Ńlá yẹn ń rí ẹgbẹ̀rin, ṣùgbọ́n ó wúwo, bátìrì rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Àbí láti Ìbàdàn lẹ ti fẹ́ máa yìnbọn fún ẹran Ṣakí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Háà, ẹ̀rín yẹn! "Orí àpáta ní Òkè Ògùn ni mo ti ń ṣọdẹ báyìí. Mi ò fẹ́ máa fojú díwọ̀n mọ́."

Ó gbé kékeré, ó kọjú rẹ̀ sí òpó Gbọ̀ngàn Mápó lókè lọ́hùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà tín-ín-rín mẹ́ta ló yọ, kò sí nọ́ńbà. Ó gbé ńlá, bákan náà ni. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́: igba yáàdì ó lé mẹ́rìnlá. Ó tún gbà á padà: ìlà mẹ́ta.

"Ìwé rẹ̀ ní ìlà yẹn túmọ̀ sí pé nǹkan kan ti sún mọ́ yín jù," ni mo fi ṣẹ̀fẹ̀.

Kò sí ohunkóhun níwájú rẹ̀. Sàídì rọra gbé awò náà kalẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá.

Ó ń bọ̀ lóòótọ́. Odindi oṣù kan ló fi ń yan awò. Bàbá mi ní, "Èjìdé, ṣé awò ni ọmọkùnrin yìí fẹ́ rà ni àbí ìwọ ló ń wò?" Mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò ní purọ́. "Ìfọ̀kànbalẹ̀ mi" ló máa ń pè mí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá gbé awò sójú, ìlà mẹ́ta náà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó la ẹnu.

"Ràímì, ọ̀rẹ́ mi ni. A fi ìrókò kan ṣe ààlà nínú igbó, pé ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọdọ̀ yìnbọn kọjá rẹ̀. Mo rí ewé tó mì. Mo rò pé ìhà tèmi níbi ìrókò ni, mo yìnbọn. Ẹ̀yìn ìrókò ni, Ràímì ló wà níbẹ̀, Èjìdé. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìbọn rẹ̀ ló bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rin rèé."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí. Ẹlòmíì ì bá dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi kì í gbé jẹ́ẹ́.

"Lọ sọ òótọ́ fún ìyá yẹn. Mi ò lè fẹ́ ìwọ àti òkú tó dúró níwájú rẹ pọ̀."

Jímọ̀ méjì kọjá, mi ò rí i. Ní ẹ̀kẹta, ó wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò tíì kí mi tó fi gbé awò kékeré, ó kọjú rẹ̀ sí Mápó.

"Igba ó lé mẹ́rìnlá," ó wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Mo fò sókè. "Ràímì ti lọ! Sàídì mi, ó ti fi ọ́ sílẹ̀!"

"Èjìdé, jókòó ná."

Mo jókòó.

"Ìyá Ràímì ò pe ọlọ́pàá. Àṣàkẹ́ ló pè, ìyàwó tí Ràímì fi sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́ta. Ìyá náà ní Ràímì ò ní àbúrò tí yóò ṣú u lópó, èmi ni kí n ṣú u, kí n tọ́ àwọn ọmọ. Ó ní ìyàwó míì ò gbọdọ̀ wọ ilé náà láéláé. Mo ti fi Kùránì búra."

"O ò bi mí!"

"Ìwọ lo ní kí n lọ, ìfọ̀kànbalẹ̀ mi."

Bàbá mi, tó ti ń gbọ́ wa láti inú ilé, jáde wá, ó fẹ́ di awò kékeré fún un. Sàídì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà. Mo ti so ìbọn kọ́."

Ó gba ọ̀nà òkè lọ, síhà Kúdẹtì, níbi tí Àṣàkẹ́ àti àwọn ọmọ ti ń retí rẹ̀. Mo gbé awò sójú, mo ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé ẹ̀yìn rẹ̀. Ogójì. Ọgọ́rin. Àádọ́jọ. Ó yà sẹ́yìn Mápó, kò bojú wẹ̀yìn.

Mo wá kọjú awò náà sí òpó gbọ̀ngàn, kí n lè ríbi tẹjú mọ́. Ìlà mẹ́ta ló yọ.

Mo gbé e fún bàbá mi. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ní igba ó lé mẹ́rìnlá, ó béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Mo tún gbà á, ìlà mẹ́ta náà ni. Kò sẹ́ni tó dúró níwájú mi.