Ìdá Kan Nínú Mẹ́wàá

Ẹ ti fura ná: ẹ̀rọ tí ọmọ bá fi ń fọ́nnu kì í ṣàì já a kulẹ̀. Ti Zuwaina já a kulẹ̀ ní òwúrọ̀ Jímọ̀, lójú gbogbo wa, nínú abáyà tuntun.

Ìpín-ìpín la ń pín omi falaj, ojú omi tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́, lábúlé wa. Orí òkè lomi náà ti ń ṣàn wá, oko kọ̀ọ̀kan ló sì ní àkókò tirẹ̀. Bàbá Thani ló ń ṣọ́ ọ: bí àkókò ẹnì kan bá pé, á ti ilẹ̀kùn omi rẹ̀, á ṣí ti ẹni tó kàn. Ẹni tó bá jẹ́ kí omi máa wọ oko òun lẹ́yìn àkókò rẹ̀, olè omi ni. Kò sí èébú tó burú jù ú lọ lọ́dọ̀ wa.

Zuwaina, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ní kọ̀ǹpútà yóò máa ti ilẹ̀kùn omi bàbá òun, Khalfan, fúnra rẹ̀. Ó pín àkókò oko náà sí ọ̀nà mẹ́wàá. Bí ìdá kan bá ti kọjá, kọ̀ǹpútà á rò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Bí àròpọ̀ bá ti di oókan géérégé, ilẹ̀kùn á tì.

Tíṣà Buthaina tó ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà nílé ìwé wo iṣẹ́ náà. "Zuwaina, kí ló dé tó o kọ 0.1? Kọ ọ́ bí ìdá, 1/10. Nínú èdè kọ̀ǹpútà tí mo kọ́ yín yìí, ìdá pé pérépéré. Tó o bá ti fi pọ́ńtù sí i, ohun tó sún mọ́ ọn ló máa tọ́jú, kì í ṣe òun gan-an."

"Ìdá kẹ̀, Tíṣà? Ti àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Thani gan-an ń fi ìdá ṣírò!"

"Bàbá Thani ò sì tíì ṣì í rí."

Zuwaina rẹ́rìn-ín. Ó fi ìdajì méjì dán ẹ̀rọ náà wò, 0.5 àti 0.5, ilẹ̀kùn tì. Ó fi ìdá mẹ́rin dán an wò, ó tì. Kò fi mẹ́wàá dán an wò. Abáyà ń dúró de áyọ́ọ̀nù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé jọ, wọ́n ń jẹ halwa aládùn, wọ́n ń ya Zuwaina ní fọ́tò níbi tó ti gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ rẹ̀ bí ìyàwó tó gbọ́wọ́ lé ọkọ. Ilẹ̀kùn ṣí, omi wọ oko, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, fọ́tò ni wọ́n gbájú mọ́. Kò sẹ́ni tó tún wo ilẹ̀kùn mọ́, àfi ìgbà tí Moza sáré dé. Opó ni Moza, oko tirẹ̀ ló kàn. Ìdájí ọjọ́ yẹn ló lọ́ àlùbọ́sà rẹ̀ sínú oko. Ọ̀kan tó ti rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Omi mi dà? Oòrùn ti jẹ àlùbọ́sà mi tán! Ẹ̀yin ará ilé Khalfan, ẹ ti di olè omi!"

Bàbá Thani tẹ̀lé e dé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà. "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ ẹ ló ṣe èyí?"

Fóònù àwọn ọ̀rẹ́ ṣì wà lókè.

"Rárá o, bàbá. Ẹ̀rọ mi ò lè ṣàṣìṣe. Bóyá... bóyá bàbá mi ló fọwọ́ ṣí i."

Bàbá Thani wò ó títí, ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn omi Moza. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà kùn wúyẹ́wúyẹ́: "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà! Ó wá kan bàbá ẹ?"

Nígbà tí Zuwaina wọlé, ó yẹ kọ̀ǹpútà wò. Ìdá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti wọlé, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 0.9999999999999999. Ìkọkànlá dé, ó di 1.0999999999999999. Oókan géérégé tí ilẹ̀kùn ń dúró dè kò dé rárá. Kọ̀ǹpútà fò ó kọjá. Ojú ti Zuwaina débi pé kò lè jáde wá jẹ ìrẹsì Jímọ̀. Nígbà tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ ní yàrá ìta, ṣe ló faṣọ borí.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ síbi tí Bàbá Thani àti àwọn àgbà ti ń mu kọfí. Ó ti há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà ò lè di ìdá kan nínú mẹ́wàá mú pé, tí wọ́n bá fi pọ́ńtù kọ ọ́..."

"Kò sẹ́ni tó bi ọ́ ní ti kọ̀ǹpútà," Bàbá Thani dá a dúró. "Àṣìṣe kì í ba ọmọ jẹ́. Ọmọ tó bá gbé tiẹ̀ lé ẹlòmíì lórí ló ba ara ẹ̀ jẹ́."

Zuwaina dorí kodò. Gbogbo ohun tó há sórí fò lọ. "Èmi ni, bàbá. Mo purọ́ mọ́ bàbá mi."

"Bàbá ẹ ti wá síbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní òun lòun fọwọ́ ṣí i. Ó ti fi ìpín omi rẹ̀ méjì san ìtanràn fún Moza."

"Irọ́ ni, bàbá! Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀!"

"A mọ̀," ni Bàbá Thani wí, ó ń bu kọfí. "Láti ìdájí lọmọ mi ti gbé e lọ sí ọjà ewúrẹ́ ní Nizwa. Ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun Jímọ̀ ni wọ́n tó dé."