Aṣọ Tí Mujeebat Kò Rántí Pé Òun Rán

Bí Iléyá bá ti ku dẹ̀dẹ̀, kò sí aránṣọ tí kì í di òpùrọ́ ní Bẹ́yẹrúnká. “Ẹ padà wá lọ́la.” “Bọ́tìnnì nìkan ló kù.” Irọ́ ni, aṣọ ọ̀hún ṣì wà nínú ọ̀rá. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í sì í bínú.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Mujeebat sọ fún Àlájà Kúbúrá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

“Ẹ má bínú, Àlájà. Mi ò tíì fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ yín.”

“Èwo wá nìyẹn?” Àlájà nawọ́ sí ògiri.

Léèsì rẹ̀ ló rọ̀ síbẹ̀, wọ́n ti rán an tán, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Mujeebat yí i sódì, ó wo ojú òwú rẹ̀. Bí òun ṣe máa ń ká etí aṣọ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ká a. Ọwọ́ rẹ̀ ni. Òun nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Kò kàn rántí rárá pé òun jókòó ti aṣọ náà rí.

Inú Àlájà dùn, ó gbé aṣọ rẹ̀ lọ. Ara Mujeebat kò balẹ̀. Nígbà tó tún ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì, ó bá bùbá méjì mìíràn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, apá òsì méjì ló ní.

“Àwọn àlùjọ̀nnú ló ń bá ọ rán an,” Sàídì rọra sọ. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni Sàídì, Òkè Bọ́lá ló ti máa ń wá tún maṣíìnì ṣe fún un. “Má bá wọn jà o. Ṣáà máa dúpẹ́.”

Ohun tí Mujeebat kò sọ fún un ni pé ó ti pẹ́ tí òun ti fojú ba oorun gbẹ̀yìn. Ó ti ra oògùn kan ní Bẹẹrẹ lọ́wọ́ akirità, oògùn tí kò ní orúkọ lára, tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí oorun kùn èèyàn. Bó bá ti lò ó, á ránṣọ mọ́jú. Bílẹ̀ bá mọ́, á tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Àìlà, ó na ọwọ́ sẹ́yìn kó tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ so. Ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀yìn lásán.

Kò sí Mutmainnah. Kò sí lórí ẹní, kò sí lábẹ́ tábìlì. Ọ̀já nìkan ló wà lórí maṣíìnì, wọ́n ká a dáadáa.

“Sàídì! Ọmọ mi dà?”

Sàídì, tó wá tún maṣíìnì kan ṣe, gbójú sókè lẹ́nu ọ̀nà. “Ọmọ bí i ti báwo? Ṣebí ìwọ lo gbé e fún màmá yẹn.”

“Màmá wo?”

“Màmá tó wọ funfun látòkè délẹ̀, tí ò wọ bàtà. O tú ọmọ sílẹ̀, o tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. O ní, ‘Ẹ máa mú un lọ.’”

“Wàláhì, mi ò rí ẹnì kankan!”

“O rí i, Ìyá Múti. Ojú ẹ là sílẹ̀.”

Mujeebat figbe ta. Ó sáré dé Màpó, ó sáré dé Ọjà'ba, kò rí ẹni tó fojú kan ọmọ. Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ba ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọmọ ti sọnù, ó sì dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀, tó fi ọwọ́ rẹ̀ gbé e fún ẹni tí kò mọ̀.

Nígbà tó padà dé, obìnrin aláṣọ funfun náà ti jókòó sórí àga rẹ̀. Mutmainnah ń sùn láyà rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ ni, ẹni tó gbẹ̀bí ọmọ náà gan-an ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ló ti ń bọ̀ nígbà tó yà síbẹ̀, sùtánà rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ìwọ lo ní ooru ń mú un, pé kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ mi,” nọ́ọ̀sì sọ. Ó wo ojú Mujeebat tó pọ́n. “Ìgbà wo lo sùn gbẹ̀yìn?”

Mujeebat ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí àlùjọ̀nnú tí Sàídì sọ. Ó mú oògùn Bẹẹrẹ jáde, ó bú sẹ́kún.

“Gbọ́, ọmọ mi. Kò sí àlùjọ̀nnú kankan níbí. Ara gbogbo wa ló ní aago nínú. Jíìnì ló ń mú un ṣiṣẹ́, ìyẹn àwọn ìlànà tí a jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá wa. Bílẹ̀ bá mọ́, àwọn kan nínú wọn á tàn bí iná, àwọn kan á kú. Bílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á gbapò ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló ń tún aago yẹn ṣe. Gílóòbù tó ò ń tàn mọ́jú ti dà á rú.”

“Kín ló wá kan ìrántí mi níbẹ̀, màmá?”

“Kó o tó gbé aṣọ sí maṣíìnì, ṣebí o máa ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so ó pọ̀ fẹ́rẹ́fẹ́? Bí ìrántí ṣe rí nìyẹn. Ohun tá a rí lónìí, fẹ́rẹ́fẹ́ ló so. Kó tó lè pẹ́ lórí wa, àwọn jíìnì kan nínú ọpọlọ gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n pèsè èròjà tó máa rán an pinpin. Oorun ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn yanjú. Ìwọ ò sùn. Ọwọ́ tó ti mọṣẹ́ ń ṣe é lọ, ọpọlọ ti ń tòògbé. Oògùn yìí ò lè ṣe iṣẹ́ oorun. A ò tiẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Òun náà lè máa ba ìrántí jẹ́.”

“Ṣé màá padà rántí?”

“Rárá. Ìrántí yẹn kò sọnù, Mujeebat. O ò rán an rí ni.”

Lẹ́yìn Iléyá, tó ti sùn dáadáa, Mujeebat ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Lábẹ́ àwọn àjákù, ó rí aṣọ funfun kékeré kan, ìwọ̀n Mutmainnah gẹ́ẹ́. Kò ní ojú ọrùn, kò ní ojú apá. Yíká yíká ni wọ́n rán an pa, ojú òwú Mujeebat sì ni. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí fọwọ́ kàn án, orí mi sì wú.

Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tó ń kàwé ìdánwò mọ́jú, ẹ fún oorun ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ bá yín lójú, kí ẹ sì dín iná kù bí àkókò àtisùn bá tó. Ẹ má ra oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn lọ́wọ́ akirità. Bí ẹ bá ń ṣe ohun tí ẹ kì í rántí, ẹ má wá àlùjọ̀nnú kiri, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ. Iṣẹ́ tó bá ju agbára yín lọ, ẹ dá a padà. Oníbàárà á bínú, inú rẹ̀ á sì padà rọ̀.

Mujeebat kò ju aṣọ náà nù. Ó fi kọ́ ògiri níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa tó o. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, á wò ó, á sì ti ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá dé Bẹ́yẹrúnká, ẹ yà kí i. Ẹ ṣáà má bi í léèrè ta ló rán an.